Moses Fleetwood Walker: Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Bésíbọ́ọ̀lù Mọ́ Aláwọ̀ Dúdú?

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1883, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Chicago White Stockings dé ìlú Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, láti bá ẹgbẹ́ ìlú náà ṣe ìdíje ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Kò sí ẹgbẹ́ tó lórúkọ tó Chicago nígbà náà. Ọdún mẹ́ta léraléra, 1880, 1881 àti 1882, ni wọ́n fi gbégbá orókè nínú líìgì àgbà. Balógun wọn ni Adrian Anson, tí gbogbo ayé ń pè ní Cap Anson, òkìkí rẹ̀ sì kàn ju ti agbábọ́ọ̀lù èyíkéyìí lọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú kan wà láàárín àwọn ará Toledo, Anson ní òun àtàwọn èèyàn òun kò ní í bá a wọ pápá kan náà.

Ọkùnrin tí Anson ń bá wí yìí, Moses Fleetwood Walker, kò tilẹ̀ ní í gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ń dùn ún, mánẹ́jà Toledo, Charlie Morton, sì ti pinnu pé kó sinmi. Ká ní Morton dákẹ́ ni, Walker ìbá jókòó, Anson ìbá gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀, ariwo kankan kì bá tí sí. Morton kò dákẹ́. Bó ṣe gbọ́ ohun tí Anson sọ, ó fi Walker sí apá ọ̀tún pápá lọ́hùn-ún, níbi tí iṣẹ́ kò ti ní í pọ̀ fún ọwọ́ tó ń dùn ún náà, ó sì sọ fún Anson pé bí Chicago kò bá gbá, wọn kò ní í fojú kan owó ìwọlé. Anson bínú, ó lérí pé òun á gbá ti òní, ṣùgbọ́n òun kò tún ní í gbá irú rẹ̀ mọ́ láé. Ó sì gbá a. Chicago borí pẹ̀lú ayò 7 sí 6 lẹ́yìn ìpele mẹ́wàá.

Mo fi ọjọ́ yẹn ṣáájú nítorí pé bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ìtàn yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n á ní Cap Anson ló lé aláwọ̀ dúdú kúrò nínú bésíbọ́ọ̀lù. Anson jẹ̀bi, n kò gbèjà rẹ̀, ohun tó ṣe kò sì ní àwíjàre. Ṣùgbọ́n ní Toledo, ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀, Anson sì yí ohùn padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tó lè tẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kọ́ ló lè ti ilẹ̀kùn fún ọgọ́ta ọdún. Àwọn mìíràn ló bá a tì í. Bí a bá tọ ipasẹ̀ Walker láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí wọn.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1856 ni wọ́n bí Fleet, orúkọ tí àwọn tó sún mọ́ ọn ń pè é, ní Mount Pleasant, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Ohio. Oko ẹrú ṣì wà ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ Quaker pọ̀ ní Mount Pleasant. Wọ́n kórìíra òwò ẹrú, wọ́n sì ń ran àwọn ẹrú tó bá sá lọ́wọ́ kí wọ́n lè kọjá sí àríwá. Fleet ṣì kéré nígbà tí ìdílé náà kó lọ sí Steubenville, létí odò Ohio. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Moses, ṣiṣẹ́ dókítà, ó sì di òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní Steubenville ni wọ́n ti bí àbúrò rẹ̀, Weldy, lọ́dún 1860, àwọn méjèèjì yìí ni wọn kò sì jìnnà síra wọn títí ọjọ́ alẹ́.

Ẹni tó bá jáde nírú ilé bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kò tó èèyàn kó sì gbà. Lọ́dún 1878 ó wọ Kọ́lẹ́jì Oberlin, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó kọ́kọ́ ń gba aláwọ̀ dúdú àti obìnrin wọlé ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí kọ́lẹ́jì náà dá ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1881, Fleet wà níbẹ̀, Weldy náà wà níbẹ̀. Wọ́n bá Yunifásítì Michigan gbá, àwọn ará Michigan sì rí i pé ẹni yìí mọ̀ ọ́n gbá. Kò pẹ́ tó fi ré kọjá sọ́dọ̀ wọn, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn lọ́dún 1882. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Arabella Taylor, tí wọ́n jọ wà ní Oberlin. Kò gba oyè ní Oberlin, kò gbà á ní Michigan, nítorí pé bọ́ọ̀lù ti ń sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe lórí pápá fún ẹni tí kò mọ eré náà, nítorí pé láìsí i, ohun tó fara dà kò ní í yé wa. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, ajubọ́ọ̀lù dúró láàárín pápá, ó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú kùmọ̀ dání. Lẹ́yìn ẹni tó mú kùmọ̀ ni ahánbọ́ọ̀lù ń lóṣòó sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó hán gbogbo bọ́ọ̀lù tí kùmọ̀ kò bá bà. Bọ́ọ̀lù náà kéré, ó le, awọ ni wọ́n fi bò ó, ó sì ń fò bí ọta. Lóde òní, ahánbọ́ọ̀lù ń wọ ìbọ̀wọ́ ńlá tí wọ́n fi òwú kún nínú, ó ní ìbòjú, ó ní ìgbàyà, ó ní ìdáàbòbò ojúgun. Láyé Walker, ìbọ̀wọ́ awọ àgùntàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n gé ìka rẹ̀ kúrò, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ lásán ló fi ń hán an. Ìka ahánbọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn kì í gún régé mọ́ tó bá fi máa kúrò nídìí iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí òun àti ajubọ́ọ̀lù fi gbọ́dọ̀ mọ inú ara wọn: ahánbọ́ọ̀lù á fi ìka ṣe àmì irú bọ́ọ̀lù tó fẹ́, bóyá èyí tó ń lọ tààrà ni tàbí èyí tó ń tẹ̀ lójú ọ̀nà, ajubọ́ọ̀lù á sì ju èyí tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Bí ajubọ́ọ̀lù bá yẹ àdéhùn, ọwọ́ ahánbọ́ọ̀lù ló máa gbà á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Ìlú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ló ti kọ́kọ́ rí ìjà gan-an. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1881, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ní Cleveland ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tirẹ̀, wọ́n sì gba Walker láti máa hán bọ́ọ̀lù fún wọn. Wọ́n rìnrìn àjò lọ bá ẹgbẹ́ Eclipse ti Louisville. Àwọn Eclipse ní àwọn kò ní í bá aláwọ̀ dúdú gbá, ni àwọn Cleveland bá fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìpele kan péré ni onítọ̀hún hán bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ rẹ̀ fi dá egbò, ó ní òun kò lè mọ́. Àwọn òǹwòran, aláwọ̀ funfun ní ìlú tí oko ẹrú ti wà títí di nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú ìgbà náà, wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí Walker wọlé. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí pápá, ó hán bọ́ọ̀lù díẹ̀ láti gbára dì, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Méjì nínú àwọn Eclipse, Johnnie Reccius àti Fritz Pfeffer, fi pápá sílẹ̀ lọ sí ilé ìmúra wọn. Walker kò gbá.

Mo ń fẹ́ kí ẹ wo ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn dáadáa. Àwọn tó sanwó wá wòran fẹ́ ẹ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀ ni kò fẹ́ ẹ, àwọn tó gbà á síṣẹ́ kò sì dúró tì í. Fritz Pfeffer tó fi pápá sílẹ̀ yẹn kan náà sì ni Chicago gbà síṣẹ́ lọ́dún 1883, lábẹ́ Anson.

Lọ́dún 1883 yẹn ni Toledo fún Walker ní ìwé àdéhùn. Líìgì Northwestern ni wọ́n wà nígbà náà. Lóṣù Kẹta, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, aṣojú ẹgbẹ́ Peoria dìde nípàdé líìgì, ó dábàá pé kí wọ́n fòfin de aláwọ̀ dúdú. Ohun tí ó ń fojú sùn kò ṣòro láti mọ̀, nítorí pé Walker nìkan ni irú rẹ̀ tó wà nínú líìgì. Àríyànjiyàn náà le, ṣùgbọ́n àbá náà kò wọlé. Walker gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún náà, Toledo sì gba ipò kìíní. Àwọn oníwèé ìròyìn Toledo ń yìn ín fún ìwà ọmọlúàbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yin ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1884, Toledo gòkè sí American Association, ọ̀kan nínú àwọn líìgì àgbà. Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ni Walker kọ́kọ́ gbá ní ipò yẹn, ibi tó sì bọ́ sí ni Louisville, iwájú Eclipse kan náà tó kọ̀ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò gbá dáadáa lọ́jọ́ náà, ó ṣe àṣìṣe lóríṣiríṣi, Toledo sì fìdí rẹmi pẹ̀lú ayò 5 sí 1. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá rò pé ọkàn ọmọ ènìyàn lè balẹ̀ ní irú ibẹ̀, kó fi ara rẹ̀ sí ipò rẹ̀ wò.

Àwọn kan á jà níyàn pé Walker kọ́ ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní líìgì àgbà. Òtítọ́ ni pé William Edward White gbá ìdíje kan ṣoṣo fún Providence lóṣù Kẹfà ọdún 1879, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹrú ní Georgia. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun ni White pe ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kà á sí. Walker kò fi ara pamọ́. Gbogbo pápá tó dé, wọ́n mọ ẹni tó jẹ́.

Nínú ìdíje 42 tó gbá lọ́dún náà, ó gbá bọ́ọ̀lù dé ibi tó yẹ nígbà 40 nínú 152, ìyẹn .263 lọ́nà tí wọ́n ń gbà kà á. Iye yẹn ju ti ọ̀pọ̀ ahánbọ́ọ̀lù ìgbà náà lọ, nítorí pé ahánbọ́ọ̀lù tí ọwọ́ rẹ̀ ti wú kì í sábà lè fi kùmọ̀ ṣe nǹkan gidi.

Wàyí o, Tony Mullane. Ìlú Cork ní Ireland ni wọ́n ti bí i, òun sì ni ajubọ́ọ̀lù tó lágbára jù ní Toledo. Nínú ìdíje 46 tí Toledo borí lọ́dún 1884, òun ló ni 36. Lọ́dún 1919, nígbà tí Mullane ti dàgbà, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nínú gbogbo ahánbọ́ọ̀lù tí òun bá ṣiṣẹ́, kò sí èyí tó dára tó Walker, ṣùgbọ́n pé òun kò fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú, nítorí náà òun kì í wo àmì rẹ̀. Ohun tó bá wu òun lòun ń jù. Lọ́jọ́ kan, Walker ṣe àmì bọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀, Mullane fi èyí tó le jù, tó ń lọ tààrà, ránṣẹ́ sí i. Ẹ rántí ọwọ́ lásán yẹn. Walker dìde, ó rìn lọ bá a láàárín pápá. Ó ní: Ọ̀gbẹ́ni Mullane, màá hán bọ́ọ̀lù rẹ láìsí àmì kankan, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe àmì tí o sì yẹ̀ ẹ́, n kò ní í hán an. Láti ọjọ́ náà títí ọdún fi parí, bí Mullane ṣe wí, Walker ń hán gbogbo ohun tó bá jù láìmọ irú èyí tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Walker kò dákẹ́, kò sì jà. Ó gbé ẹjọ́ náà kalẹ̀ bí ẹni tó kọ́ òfin: bí àdéhùn bá wà láàárín wa, ká pa á mọ́, bí kò bá sí, ká mọ̀ pé kò sí. Ó sì yan èyí tó máa dun òun jù. Nínú gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, èyí ló fi irú èèyàn tó jẹ́ hàn mí jù. Ó fi ìyà jẹ ọwọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi irọ́ jẹ ẹ́ níyà. Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé Mullane mọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni yìí ló dára jù, ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun ń pàdánù nítorí ìkórìíra òun, ó sì gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 35 kó tó là á lẹ́nu.

Ìyókù ọdún 1884 kò rọrùn. Lóṣù Keje, bọ́ọ̀lù kan dá egungun ìhà Walker. Weldy wá gbá ìdíje mélòó kan fún Toledo lóṣù náà, ó di aláwọ̀ dúdú kejì ní líìgì àgbà. Chicago tún wá ṣe ìdíje ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ti kọ̀wé ṣáájú pé kí Walker má ṣe gbá. Kò gbá. Lóṣù Kẹsàn-án, lẹ́tà kan dé ọwọ́ Morton láti Richmond, ní Virginia, pé ọkùnrin 75 ti búra láti kọlu Walker bó bá fi aṣọ bọ́ọ̀lù wọ pápá wọn. Irọ́ ni orúkọ mẹ́rin tí wọ́n fi sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Toledo tó lọ sí Richmond, wọ́n ti yọ̀ǹda Walker nítorí ọgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọdún parí, ẹgbẹ́ Toledo gan-an tú ká.

Líìgì àgbà kò kọ òfin kankan lẹ́yìn náà. Wọn kò ṣáà gba aláwọ̀ dúdú mọ́. Walker bọ́ sí àwọn líìgì kéékèèké, ó gbá fún Cleveland, ó gbá fún Waterbury ní Connecticut, ó sì dé Newark, ní New Jersey, lọ́dún 1887, nínú líìgì International. Ibẹ̀ ló ti pàdé George Stovey, ajubọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú tó borí nínú ìdíje tó lé ní 30 lọ́dún yẹn. Ajubọ́ọ̀lù dúdú, ahánbọ́ọ̀lù dúdú, nínú ẹgbẹ́ kan náà: wọn kò rí irú rẹ̀ rí nínú líìgì àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn mìíràn náà wà káàkiri líìgì ọ̀hún. Frank Grant wà ní Buffalo, Bud Fowler wà ní Binghamton, Robert Higgins wà ní Syracuse. Ẹni tó bá wo líìgì International lóṣù Karùn-ún ọdún 1887 lè rò pé nǹkan ti ń dára.

Ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń pọ̀ sí i gan-an ni ìkórìíra ti ru. Nígbà tí Higgins kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù fún Syracuse níwájú Toronto, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì pàdánù pẹ̀lú ayò 28 sí 8. Lóṣù Kẹfà, nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ ya fọ́tò, ọ̀kan nínú wọn, Douglas Crothers, ní òun kò ní í jókòó pẹ̀lú Higgins. Mánẹ́jà bá a wí, ó lu mánẹ́jà, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1887 ni ọ̀rọ̀ dé góńgó. Lọ́jọ́ náà, Anson àti Chicago wá bá Newark ṣe ìdíje ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Stovey ló yẹ kó ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n kéde pé ara rẹ̀ kò yá. Walker náà kò gbá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn olùdarí líìgì International ń ṣèpàdé ní Buffalo. Wọ́n ní àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ń halẹ̀ pé àwọn á lọ nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n dìbò, 6 sí 4: kí akọ̀wé líìgì má ṣe fọwọ́ sí ìwé àdéhùn aláwọ̀ dúdú kankan mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní aláwọ̀ dúdú nínú rárá ló borí.

Anson kò sí nípàdé yẹn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ líìgì náà. Kò ní ìbò kankan níbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà tó ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń ka owó, tí wọ́n lè sọ fún agbábọ́ọ̀lù tó ń halẹ̀ pé kó máa lọ, ló nawọ́ sókè. Ní Newark pẹ̀lú, kò sẹ́ni tó sọ fún Anson ohun tí Morton sọ fún un lọ́dún mẹ́rin ṣáájú. Anson kan náà ni, Walker kan náà ni. Ẹni tó yí padà ni ẹni tí ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bá rí i tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí ọrùn Anson, ó máa ń dà bíi pé wọ́n fẹ́ kí àwọn mẹ́fà yẹn máa sùn lálàáfíà nínú ibojì wọn.

Àwọn tí ìwé àdéhùn wọn ti wà tẹ́lẹ̀ rí àyè díẹ̀ sí i. Walker lọ sí Syracuse lọ́dún 1888, ẹgbẹ́ náà sì gba ipò kìíní. Ọdún yẹn ni Weldy kọ lẹ́tà gbangba sí ìwé ìròyìn eré ìdárayá Sporting Life, nígbà tí líìgì kan ní Ohio ní àwọn kò ní í gba aláwọ̀ dúdú. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ yọ ènìyàn, kí wọ́n yọ ọ́ nítorí àìmọṣẹ́ tàbí àìníwà, kì í ṣe nítorí àwọ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1889, Syracuse yọ̀ǹda Fleet. Kò sí aláwọ̀ dúdú mìíràn nínú líìgì International fún ọdún 57.

Ọmọ ọdún 32 ni nígbà náà, ayé rẹ̀ kò sì parí. Ó ní làákàyè tí kò sinmi: lọ́dún 1891 ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ọta àgbá kan tó hùmọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fẹ́ dá a lẹ́jọ́ ìpànìyàn. Lóṣù Kẹrin, ní Syracuse, àwọn aláwọ̀ funfun kan dá a lọ́nà lẹ́bàá ilé ọtí, wọ́n bú u, òkúta bà á lórí. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gún ọ̀kan nínú wọn, onítọ̀hún sì kú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, júrì tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun dá a láre pé ó gbèjà ara rẹ̀ ni, àwọn èrò inú kóòtù sì hó yèè. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́wàá gbà á mọ́ra lórí pápá, tí kò gbé ọwọ́ sókè sí Mullane, ni ọ̀bẹ wà lápò rẹ̀ báyìí. N kò lè ka apá yìí kí n má ronú ohun tí ọdún mẹ́wàá yẹn ti kó sí i nínú.

Arabella kú lọ́dún 1895, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Fleet fẹ́ Ednah Mason, òun náà ọmọ Oberlin, lọ́dún 1898. Ọdún náà ni wọ́n mú un pé ó jí ohun inú lẹ́tà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́tà nínú ọkọ̀ ojú irin. Kóòtù dá a lẹ́bi, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún kan. N kò ní bo èyí mọ́lẹ̀. Ìwà rẹ̀ ní àbùkù, ó sì ń mutí. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, kò jókòó. Òun àti Ednah ń darí gbọ̀ngàn ìṣeré kan nílùú Cadiz, wọ́n ń fi sinimá hàn níbẹ̀, ó tún gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́dún 1920 lórí ohun èlò ẹ̀rọ sinimá. Òun àti Weldy jọ ṣe ìwé ìròyìn fún àwọn èèyàn wọn.

Lọ́dún 1908 ó tẹ ìwé olójú-ewé 47 kan, tó fi sọ pé kò sí ọ̀nà tí dúdú àti funfun lè gbà gbé pọ̀ ní àlàáfíà ní Amẹ́ríkà, àti pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú padà sí Áfíríkà. Kò jọ pé ó fẹ́ràn Áfíríkà fún ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ibi tó wà ló ti sú u. Ẹni tó dàgbà láàárín àwọn Quaker, tó jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú aláwọ̀ funfun ní Oberlin, tí àwọn ará Toledo pàtẹ́wọ́ fún, ló kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn kò ṣí ilẹ̀kùn fún rí kì í ní irú ìjákulẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1924 ló kú ní Cleveland, ní ọmọ ọdún 67. Wọ́n sin ín sí Steubenville, kò sì sí òkúta orúkọ lórí ibojì rẹ̀ títí di 1990, nígbà tí àwọn ará Oberlin gbé ọ̀kan síbẹ̀. Lọ́dún 2017, ìpínlẹ̀ Ohio sọ ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá di ọjọ́ ìrántí rẹ̀. Frank Grant àti Bud Fowler ti wà nínú gbọ̀ngàn àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù ní Cooperstown báyìí. Anson wà níbẹ̀ láti 1939. Walker kò sí níbẹ̀.

Líìgì International tó dìbò ní Buffalo yẹn náà ni Jackie Robinson, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, bá wọlé lọ́dún 1946, pẹ̀lú Montreal, ẹgbẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ Brooklyn Dodgers ti líìgì àgbà. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ló kọ́kọ́ gbá, ní Jersey City, tí kò jìnnà sí Newark. Branch Rickey, ọ̀gá Brooklyn Dodgers, ló gbà á, ọmọ Ohio kan tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Michigan gẹ́gẹ́ bíi Walker. Nígbà tí àsìkò tó láti gbé Robinson lọ sí Brooklyn gan-an lọ́dún 1947, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà ń kó orúkọ jọ sórí ìwé pé àwọn kò fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ náà dé etí mánẹ́jà wọn, Leo Durocher. Ó jí gbogbo ẹgbẹ́ lóru, ó ní Robinson máa gbá, ó máa mú owó wọlé fún gbogbo wọn, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn, àwọn á wá ẹgbẹ́ mìíràn fún un. Ìwé náà kò lọ síbi kankan lẹ́yìn òru ọjọ́ yẹn, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, Robinson sì wọ pápá ní Brooklyn.